Òkúta Tí Kò Tutù Mọ́

Mo mọ ohun tí gbogbo yín ń retí. Ẹ ń retí kí n fi òkúta tó wà lọ́wọ́ mi yìí kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, kí n sọ pé, "Ó tutù," kí ẹ pàtẹ́wọ́, kí a sì gbé ìyàwó lọ. Mi ò ní sọ ọ́ lónìí. Ẹ má bínú, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lábẹ́ ahọ́n mi láti ìgbà ọ̀dọ́ mi. Mo ti jẹun lé e lórí, mo ti rẹ́rìn-ín lé e lórí, mo ti dúró níwájú àwọn èèyàn ńláńlá gba àmì ẹ̀yẹ lé e lórí, kò sì fìgbà kan yọ́. Ní báyìí, dókítà tó ń tọ́jú ọkàn mi ti fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé ohun tó bá yẹ kí n ṣe, kí n má fi í dọ̀la, mo sì mọ ohun tí dókítà ń sọ nígbà tó bá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Bí mo bá kú láìsọ ọ́, obìnrin kan tó ti lọ ṣáájú mi yóò máa jẹ́ wèrè títí láé lẹ́nu àwọn ọmọ ilé yìí, bẹ́ẹ̀ orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ. Ìyá tó bí bàbá mi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ di wèrè. Mo ti sọ orí ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ara rẹ̀ kí àyà mi tó tún já.

Ẹ̀yin àna wa kò mọ̀ wá dáadáa, torí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ilé ọlọ́lá ni wọ́n bí mi sí, irú ilé tí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń gùn ún lọ. Ẹ wo àwòrán àwọn baba ńlá wa lára ògiri yẹn, gbogbo wọn ń wo èèyàn bíi pé a jókòó lé fìlà wọn. Nígbà tí mo sọ pé iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni mo fẹ́ kọ́, pé mo fẹ́ máa ya àwòrán ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka kí n sì máa fi ọwọ́ ara mi ṣe wọ́n, bàbá mi gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. "Ọmọ ọlọ́lá kì í di ẹ̀mú mú," ó ní. "Ọwọ́ ló máa ń nà, kí ẹlòmíràn fi òrùka sí i." Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi tí mo ń wí yẹn, ló gbà mí sílẹ̀. Obìnrin kúkurú ni, ó máa ń so ìdì kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé mọ́ ìbàdí, èèyàn á ti gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó rí i. Ó ní, "Jẹ́ kó lọ. Ṣé kí gbogbo yín máa fi ọ̀ṣọ́ ṣara láìmọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn ni?" Ó fúnra rẹ̀ mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá, àgbà alágbẹ̀dẹ wúrà tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ayùn rẹ́ wúrà, bí wọ́n ṣe ń fi iná jó o pọ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹ èékánná wúrà lé òkúta lórí kí ó má bàa já bọ́. Òrùka tí mo kọ́kọ́ ṣe wọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà fi sọ́wọ́ lọ jókòó sídìí oúnjẹ láàárín àwọn àlejò. Òun ló sọ mí ní Ọlọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́. Orúkọ yẹn ló wà lójú ṣọ́ọ̀bù mi títí dòní, tí àwọn oníbàárà rò pé èmi ni mo fún ara mi.

Ohun tí ilé wa fi ń ṣe fáàrí jù ni ẹ̀gbà ọrùn yìí, tí a ń pè ní Olótùútù. Wúrà fífẹ̀ ni, òkúta aláwọ̀ ewé tí àwa oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ń pè ní émírádì sì wà láàárín rẹ̀, ó tóbi tó orí àtàǹpàkò ọkùnrin. Kò sí ìyàwó tó jáde nílé yìí tí kò wọ̀ ọ́. Obìnrin tó bá dàgbà jù nílé á kọ́kọ́ fi òkúta náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, á ní, "Ó tutù." Á wá fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó, ìyàwó náà á ní, "Ó tutù." Mo bi Ìyá Àgbà léèrè ìdí rẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré. Ó ní òkúta gidi kì í tètè gba ooru ara èèyàn, pé o lè fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí, yóò ṣì máa tutù mọ́ ọ. "Ṣùgbọ́n dígí," ó ní, "dígí dà bí àlejò tí kò nítìjú. Kó o tó ṣẹ́jú, ó ti di ọmọ ilé." A jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ bá mi rántí ọ̀rọ̀ yìí, torí ìmọ̀ yẹn ló kó bá a.

Nígbà tí ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin ń bọ̀ lọ́nà ni wọ́n rí i pé Olótùútù ti sán, níbi tí ìtẹ́ òkúta ti so mọ́ wúrà. Ìyá Àgbà ní kí a gbé e lọ fún Ọ̀gá. Mo fárígá. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, wọ́n ti ń pe orúkọ mi káàkiri, mo sì wò ó pé ìtìjú ni kí ọ̀ṣọ́ ilé wa kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyá Àgbà wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa, Ọlọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́. Ọwọ́ rẹ ni mo gbé e lé o." Mo gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ mi lẹ́yìn ọgbà, mo jókòó sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ dáadáa. Ohun tí Ọ̀gá kọ́kọ́ máa ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni pé kí o yọ òkúta kúrò kí o tó dá iná. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n èékánná wúrà tó di òkúta yẹn mú ti gbó, wọ́n ti fẹ́lẹ́, mo sì ń bẹ̀rù pé bí mo bá ká wọn, wọn á kán, iṣẹ́ kékeré á di ńlá mọ́ mi lọ́wọ́. Dáyámọ́ńdì ló mọ́ mi lọ́wọ́ jù. Mo ti jó wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáyámọ́ńdì láìyọ ọ́ rí, torí òun máa ń fara da iná bí a bá fi yanrìn tútù bò ó. Mo ní òkúta ni gbogbo òkúta. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú àṣìṣe yẹn àfi oníṣẹ́ tó mọ díẹ̀ tó sì rò pé òun ti mọ̀ tán. Inú émírádì kì í mọ́ tónítóní bí ti dáyámọ́ńdì. Ó ní àwọn ibi tó sán tín-ín-tín-ín nínú, wọ́n sì máa ń fi òróró kún wọn kí ó lè máa dán. Bí iná bá kan òróró yẹn, á hó, kò sì ní ibi tó máa gbà jáde. Mo fi yanrìn bò ó, mo tan iná, mo fẹ́ ẹ sójú ibi tó sán. Wúrà yọ́, ó di mọ́ra, ó wù mí láti wò. Mo wá gbọ́ ìró kan, kékeré báyìí, bí ìgbà tí èèyàn bá gé èékánná ọwọ́. Mo pa iná. Nígbà tí mo hú yanrìn kúrò, Olótùútù ti là sí méjì, inú rẹ̀ sì ti ṣú funfun bí ojú tí kò ríran mọ́.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín yanrìn. Mo ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ Ìyá Àgbà nínú ọgbà, ó ń bá àwọn tó ń gé òdòdó sọ̀rọ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó má yà sọ́dọ̀ mi. Mo lè jáde nígbà yẹn kí n ní, "Ìyá Àgbà, mo ti fọ́ ọ o." Ó máa bínú. Bóyá ó máa sunkún. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, yóò ti dárí jì mí kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mi ò lè gbà ni ojú tí bàbá mi máa fi wò mí, àti kí àwọn oníbàárà gbọ́ pé Ọlọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́ ló fi iná fọ́ òkúta ilé ara rẹ̀. Ìgbéraga ni, mi ò ní pè é ní orúkọ míì. Mo fi aṣọ di ẹ̀gbà ọrùn náà, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń gé dígí fún ọ̀ṣọ́ àwọn eléré orí ìtàgé, Onídígí ni wọ́n ń pè é. Ó yẹ òkúta tó là náà wò, ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ ọlọ́lá, mo lè gé dígí kó jọ ọ́ tí ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀," ó ní. "Mà á fi bébà aláwọ̀ ewé tó ń dán sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wá fi wúrà dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Ojú ò ní mọ̀ ọ́n. Ara nìkan ni mi ò lè bá yín tàn jẹ." Mo ní ara kò ní wàhálà, kó ṣáà gé e.

Pálọ̀ yìí náà la pé jọ sí ní àárọ̀ ìgbéyàwó àbúrò mi. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé mo fi wúrà dí ẹ̀yìn òkúta kó lè lágbára sí i, wọ́n sì ti kí mi kú iṣẹ́. Ìyá Àgbà dúró síbi tí mo dúró sí báyìí. Ó gbé Olótùútù, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó la ẹnu láti sọ gbólóhùn tó ti ń sọ láti ọdún gbọọrọ, kò sì sọ ọ́. Ó gbé òkúta náà lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ó ní, "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́." "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó tún un sọ. "Olótùútù kọ́ nìyí. Ta ló gbé òkúta wa?" Ojú gbogbo èèyàn yí sọ́dọ̀ mi, torí èmi ni mo tún un ṣe. Mo wá gbọ́ ẹ̀rín kan, ẹ̀rín tó dùn, tó balẹ̀ dáadáa, èmi ni mo sì ń rín in. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló ti ń tàn yín o. Ọjọ́ orí ni." Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ìyókù bá a rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi, tí kò fẹ́ kí ohunkóhun ba ọjọ́ òun jẹ́, gba ẹ̀gbà ọrùn náà, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ fìrí, ó ní, "Ó tutù." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀, kò tán. Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí kó lọ jókòó. Ó ń ṣí àpótí ọ̀ṣọ́, ó ń fi òkúta náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, kan ètè, kan ọrùn ọwọ́, ó ń sọ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó ní òun máa ránṣẹ́ pe Ọ̀gá kó wá wò ó, jìnnìjìnnì bò mí. Ọ̀gá kàn máa fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀kan péré ni, ó máa mọ̀. Bàbá mi ń ṣàìsàn nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń darí ilé. Mo lọ bá a, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí láti sọ ọ́ o, orí Ìyá Àgbà ti ń dàrú. Lánàá, orúkọ ìyá wa tó ti kú ló fi pè mí. Ó bu iyọ̀ sínú tíì, ó ń mu ún." Irọ́ pátá ni. Kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ bojú, ó sunkún, ó sì gbà mí gbọ́, torí ta ló fẹ́ràn Ìyá Àgbà tó mi? Wọ́n pe dókítà. Bí dókítà ṣe ń bi í léèrè ọjọ́ òní, òkúta ni Ìyá Àgbà ń sọ, bó sì ṣe ń bínú tó ni dókítà ń mi orí tó. Ìbínú olóòótọ́ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Ẹ̀gbọ́n mi tú ìdì kọ́kọ́rọ́ kúrò ní ìbàdí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni Ìyá Àgbà fi dì í mú, wọ́n ní láti ṣí ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tó wà lókè pátápátá kó lè sinmi, wọ́n sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ohunkóhun tó bá ní kí wọ́n ṣe, kí wọ́n kàn máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Èyí tó burú jù wá kù. Mo ti bẹ Ọlọ́run pé kó fún mi lókun láti sọ ọ́ láìdúró. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Àgbà ránṣẹ́ pè mí. Ó jókòó lójú fèrèsé, ara rẹ̀ ti rọ, n kò sì gbọ́ ìró kankan nígbà tó yí sí mi. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọlọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́, ìwọ lo mọ òkúta jù nílé yìí. Mi ò ní bínú. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ̀ ni, kí n lè sùn. Ṣé òkúta ni, àbí orí mi ni?" Ẹ gbọ́ mi, ó ti fura. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó la ọ̀nà sílẹ̀ fún mi kí n gbà á jáde, kò sì sí ẹlòmíràn nínú yàrá. Bí mo bá ní òkúta ni, ó tán. Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ń sunkún, ẹkún gidi, ẹkún ẹ̀rù. Mo ní, "Ìyá Àgbà, orí yín ni." Ó wá fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, tó o sọ òtítọ́ fún mi."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Láti ọjọ́ yẹn, Ìyá Àgbà kò dárúkọ òkúta mọ́. Kò tún gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ lórí ohunkóhun. Bí wọ́n bá gbé tíì wá, á di ife mú lọ́wọ́ méjèèjì, á wo ojú ẹni tó gbé e wá, á ní, "Ṣé ó gbóná ni?" Bí wọ́n bá po omi ìwẹ̀ fún un, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, á ní, "Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó tutù ni?" Obìnrin tó mọ ilé yìí láti ìsàlẹ̀ dé òrùlé wá ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn ọmọdé pé kí wọ́n bá òun mọ ohun tó gbóná àti ohun tó tutù. Àwọn ọmọ fi ń ṣeré. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni tíì máa ń tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tó máa kú, èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọwọ́ rẹ tutù." Lẹ́yìn náà ó ní, "Àbí kò tutù? Mi ò mọ̀ mọ́." Ọwọ́ mi tutù bí irin. Mi ò dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni iṣẹ́ mi wá gbòòrò. Àwọn ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ pé kò sí ayàwòrán ọ̀ṣọ́ tó ń bọ̀wọ̀ fún òkúta aláwọ̀ ewé tó mi, wọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ni. Bí wọ́n bá gbé émírádì síwájú mi, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa làágùn. Nígbà tó yá, èmi náà di àgbà obìnrin ilé, ọwọ́ mi ni Olótùútù bọ́ sí. Ẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín? Kó lè tutù, inú fíríìjì ni mo máa ń gbé e sí ní ìdájí ọjọ́ ìgbéyàwó, tí mo bá ti fi aṣọ wé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tà. Odidi ọmọ ọlọ́lá. Mà á fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó fìrí, mà á gbà á padà kíá, ẹ pàtẹ́wọ́, ó tán. Ẹ̀yin tí mo ṣe é fún wà níbí, ẹ mọ̀ pé n kì í jẹ́ kó pẹ́ lára yín. Ṣùgbọ́n àṣegbé kò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ìrì tó ń ṣẹ̀ sí i lára bó bá ti jáde nínú òtútù ń jò wọ abẹ́ dígí, ó ń jẹ bébà tó wà níbẹ̀. Ní ìgbéyàwó kan, mo rí àmì dúdú kan ní igun rẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tó di ìgbéyàwó tó tẹ̀ lé e, ó ti fẹ̀ sí i. Bí àlejò kan bá tẹjú mọ́ ọrùn ìyàwó ju bó ṣe yẹ lọ, ọkàn mi á máa lù kìkì. Bí mo ṣe lo ayé mi nìyẹn, mò ń ṣọ́ ojú àwọn tó ń wo ọrùn.

Nígbà tí dókítà ti bá mi sọ̀rọ̀ tán, mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ olórí ilé báyìí, bàbá ìyàwó, òun ló dúró lẹ́yìn àga yẹn. Mo ní, "Jókòó. Òkúta yẹn, dígí ni. Èmi ni mo fọ́ ti gidi. Orí Ìyá Àgbà ò dàrú rí." Ó gbọ́ mi dópin. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó gbé ohùn sókè bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ó ti rẹ̀ yín. Ọjọ́ orí ni." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé òkúta náà wá kí n fi hàn án, bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí i lójú rẹ̀ pé ó ń rántí ẹlòmíràn tó ti bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn. Mo gbọ́ ọ tó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin ilé yìí. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá òkè yẹn kí n lè sinmi, orí ibùsùn tí Ìyá Àgbà kú sí. Olùtọ́jú tó ń gbé tíì wá máa ń fẹ́ ẹ fún mi bí ọmọ ọwọ́. Ẹ̀san ò gbọ́ oògùn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju ti ọjọ́ tí òkúta là lọ, pé n óò kú, òtítọ́ á sì kú sí mi lẹ́nu. Nígbà tó ṣe, ohun tó tún burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀. Mo jókòó lójú fèrèsé yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé, ṣé lóòótọ́ ni mo fọ́ ọ? Àbí orí mi ni? Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí mo ṣe fún Ìyá Àgbà.

Ọmọ yìí tó fẹ́ ṣègbéyàwó lónìí ló yọ mí. Ó wá fi aṣọ rẹ̀ hàn mí lọ́sàn-án àná. Mi ò bá a sọ ọ̀rọ̀ òkúta, mo ti kọ́gbọ́n. Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi dé yàrá iṣẹ́, wàá rí ìṣù ìda oyin kan lórí tábìlì, gbé e wá fún mi." Kò sí oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ tí kò ní ìṣù ìda, òun la fi ń he òkúta wẹ́wẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó rò pé mo fẹ́ fi ṣeré ni, ó gbé e wá. Mo fún un ní ọ̀bẹ bọ́tà, mo ní kó là á. Olótùútù gidi já bọ́ sórí àtẹ, ní ìlàjì méjì, bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ mi. Ó ní, "Màmá, kí nìyí?" Mo ní, "Fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ." Ó ní, "Ó tutù." Mo ní, "Jẹ́ kó pẹ́ síbẹ̀." Ó dúró, ó ń wò mí, ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó ní, "Màmá, ó ṣì tutù." Mo ní, "Ó dáa. Lọ gbé èyí tí wọ́n fẹ́ fi sí ọ lọ́rùn, fi òun náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, má yára. Kí bàbá rẹ wà níbẹ̀."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, mò ń tẹ́tí. Mo gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ní, "Ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀?" Ó dá a lóhùn pé, "Dádì, ẹ má tíì sọ nǹkan kan. Ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, kó pẹ́." Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo ti dàgbà tó yìí, ẹ gbà mí gbọ́, mo wo abẹ́ ibùsùn bóyá ó lè gbà mí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbé ohùn sókè mọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, kí lẹ ṣe fún Ìyá Àgbà?" Kò béèrè ohun tí mo ṣe fún òkúta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tíì, ọkùnrin gíga yìí jókòó sí etí ibùsùn, ó bú sẹ́kún. Ó ní, "Èmi náà máa ń parọ́ fún un. Nígbà tí mo kéré. Bó bá bi mí bóyá ó gbóná, mà á ní ó tutù, àwa ọmọdé á wá máa rẹ́rìn-ín." Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni níí bá. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá òun lè dárí jì mí. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí òun fẹ́ ni pé ibi tí mo ti rẹ́rìn-ín sí Ìyá Àgbà ni kí n ti sọ ọ́, níwájú gbogbo èèyàn, kí wọ́n tó gbé ìyàwó lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi dúró níwájú yín. Ìyàwó ní òun á jáde lọ́rùn lásán, mo sì rò pé kò sí ìyàwó ilé yìí tó tíì wọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí kí èmi tó jáde, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa fi orúkọ Ọlọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́ ṣe lọ́la. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, n kò ní parọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ẹ yọ òkúta kí ẹ tó dá iná, bí ẹ bá sì fọ́ ọ, ẹ pariwo ní ọjọ́ kan náà, kó tó di pé èèyàn ni ẹ máa fi dí ojú ibi tó fọ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé yìí, bí àgbà bá sọ fún yín pé nǹkan kan kò rí bó ṣe yẹ, ẹ fọwọ́ yín kàn án kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an kò sí níbí láti fún mi, ṣùgbọ́n ibi tó dúró sí lọ́jọ́ yẹn ni mo dúró sí. N óò wá ṣe ohun tó ṣe, n kò sì ní yára. Ẹ dákẹ́ fún mi. Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi báyìí.

Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Ìyá Àgbà. Orí yín pé.